Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Mi Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo ń ti bàbá mi mọ́lé ní Port Harcourt. Mo ra àgádágodo, mo fi há géètì onírin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo sì ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará ìlú wa tó wà níbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ kiri. Wọ́n ní mo sọ bàbá tó bí mi di ẹlẹ́wọ̀n. N kò bá ẹnì kankan jà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá kan ni, ó máa ń rọrùn lẹ́nu. Wọn ò gbé arúgbó sínú ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yọ̀, wọn ò sì gbọ́ bí egungun àgbà ṣe ń dún nígbà tó bá kan sìmẹ́ńtì. Èmi gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá dá mi padà sí ọjọ́ náà lónìí, màá tún ra àgádágodo, èyí tó tóbi jù ú lọ ni màá sì rà.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ìyá mi ti kú ní Ọ̀fà, ó ku bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nínú agbo ilé ńlá kan tí gbogbo ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ti fọ́n ká sí Èkó, Kàdúná àti ibi tí ẹsẹ̀ gbé wọn dé. Ẹ̀gbọ́n yìí ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, bàbá mi náà ti kọjá àádọ́rin. Mo lọ bẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé gàrí ni bàbá mi ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́, mo ní kó káṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò sóhun tó burú, kó bá mi lọ, òun á máa ṣọ́lé. A fi í sílẹ̀ lójúde, ó ń juwọ́.

Iṣẹ́ gáàdì rélùwéè ni bàbá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá rántí àwọn gáàdì ayé ìgbà yẹn á mọ̀ pé wọn kì í wọ ọkọ̀ bí èèyàn lásán. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á ju àsíá, ọkọ̀ á ti máa yí lọ kí wọ́n tó fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti Ìdó títí dé Kánò, kò ṣubú rí. Ìdí nìyẹn tó fi gbà pé ẹsẹ̀ òun kò jọ ẹsẹ̀ ẹlòmíì, èrò yẹn ló sì gbé wá sọ́dọ̀ mi.

Ilé tí a háyà wà lẹ́yìn ẹ̀sìteéètì Elekahia. Omi ẹ̀rọ kì í gòkè, nítorí náà gbogbo ayálégbé ló ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọn omi gba orí àtẹ̀gùn, ìdajì omi náà ni àtẹ̀gùn sì ń mu. Tí òjò bá tún dé, tí òjò ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó dé, ohun tútù aláwọ̀ ewé á hù sí etí sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀ á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Kò sí irin tí èèyàn lè dì mú. Onílé ní òun máa ṣe é. Títí a fi kúrò níbẹ̀ ló ń ṣe é. Iná ń lọ nígbà tó bá wù ú. Balùwẹ̀ wa, sìmẹ́ńtì dídán ni, mo sì máa ń yangàn nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ṣòroó fọ̀. Ìgbà tí arúgbó bá wọlé ni onílé ń mọ ibi tí ilé òun ti burú.

Ìsàlẹ̀ wa ni obìnrin kan tó jẹ́ ará Abuloma, ìlú etí omi nítòsí wa, ń gbé, tó ń yan ẹja tà lẹ́yìnkùlé. Òun àti bàbá mi di ọ̀rẹ́ kíá. Bàbá mi gbọ́ Píjìn díẹ̀ nídìí rélùwéè, obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá rárá, síbẹ̀ wọ́n lè sọ̀rọ̀ títí ẹja á fi fẹ́ jóná. Kò sí ẹlòmíì tí bàbá mi ń bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀sán. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló máa ń wà níbẹ̀ kó tó wálé. Iléèwé tí wọ́n ń gbé ni àwọn ọmọ mi wà, bí wọ́n bá sì wá lásìkò ìsinmi, Píjìn ni wọ́n fi ń dá bàbá àgbà lóhùn. Èmi, olùkọ́ ni mí, n kì í sí nílé láti àárọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yìí ni bàbá mi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú. Sálúbàtà rẹ̀ ti jẹ nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn ti tutù, ó yọ̀ láti òkè, ó sì fi ìdí gba àtẹ̀gùn náà dé ilẹ̀. Mo ń bọ̀ láti iléèwé ni mo gbọ́ igbe ìyá ẹlẹ́ja láti ojú títì.

"Papa don fall o! Una come o! Papa don fall!"

Ìgbà tí mo fi máa sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó dáadáa, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọn eruku kúrò lára fìlà rẹ̀.

"Kí lẹ ń pariwo fún?" ló ní. "Ṣé ẹ ò rí àgbà tó jókòó rí ni?"

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ń wú. Mo gbé e dé ilé ìwòsàn. Egungun kò ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀, kọ oògùn fún un. Ó ní oògùn náà lè máa fa òòyì, nítorí náà kí bàbá má máa dìde lójijì mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀, kó kọ́kọ́ jókòó, kó sinmi, kó tó dìde dúró. Lẹ́yìn náà ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bó bá jẹ́ egungun ìbàdí ló ṣẹ́ ní irú ọjọ́ orí yìí, Màdáámù... Kò parí rẹ̀. Ó kàn mi orí. Ibi tí kò parí yẹn ni mo gbé lọ sílé, òun ló sì mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ lọ́jà láti ra àgádágodo.

Bàbá mi dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò mí láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tì í.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Bí mo bá ti dé, màá ṣí i."

"Bí iná bá sọ nínú ilé ńkọ́?"

"Mo ti fún ìyá ìsàlẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kejì."

"O fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ bàbá rẹ," ló ní. Ó yí padà, ó wọlé.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá ẹlẹ́ja ló ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè. Ó máa ń dúró ní bàràńdà, tí onílé fi irin yí ká nítorí àwọn olè, á fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, á máa wo ojú títì. "Papa, dem don put you for cage like parrot?" Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà á ṣe kígbe láti ìsàlẹ̀, bàbá mi á sì dáhùn pé òun ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Ó so okùn mọ́ ike kékeré kan, ó ń tì í gba àárín irin sọ̀ kalẹ̀, ìyá ẹlẹ́ja á sì fi ẹja gbígbóná sínú rẹ̀. Bí mo bá dé, òórùn ẹja á kún ilé, ẹni tó jẹ ẹ́ á sì máa wo ògiri.

Kò sẹ́ni tó béèrè bí ó ṣe ń ṣe èmi náà. Mo jáwọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ìdánrawò tó máa ń bọ́ sí ìrọ̀lẹ́. Mo kọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ì bá jẹ́ kí wọ́n gbé mi sókè lẹ́nu iṣẹ́, torí pé ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn olùkọ́ yòókù ń jẹun, mo máa ń sáré wálé wá wò ó bóyá ó ṣì wà lórí ìdúró. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo lè lọ. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kó padà sí Ọ̀fà lọ́la gan-an. Bí mo bá sì ti ro bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣe dá wà níbẹ̀, ọkàn mi á ní kó má lọ mọ́. Èèyàn lè fẹ́ nǹkan méjì tó ń bá ara wọn jà, kó sì máa jẹun, kó máa sùn.

Arákùnrin ará ìlú wa kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní àdúgbò Diobu fẹ́ lọ sílé. Ó wá béèrè bóyá a ní iṣẹ́ tí a fẹ́ rán. Èmi ní kó bá mi kí ilé. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní: "Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá mú mi. Sọ fún wọn pé ara mi le, àbò ni wọ́n fi dè mí mọ́lẹ̀." Mo gbé abọ́ lọ sí kíṣìnnì, kí n má baà sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu.

Nígbà tí arákùnrin yìí padà dé, kò tí ì ṣí ìsọ rẹ̀ tó fi wá jíṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó nu ojú.

"Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, Bàbá. Ọkọ̀ mi ni màá fi gbé wọn wá tí mo bá tún lọ, òun náà ni màá sì fi gbé wọn padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí yín. Bí ẹ bá ṣì lè dá dìde nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan fà yín, kí ẹ múra sílẹ̀, ẹ jọ máa lọ ni. Bí ẹ ò bá lè dìde, kí ẹ jókòó ti ọmọ yín. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè gbé èèyàn nílẹ̀ nílé mọ́."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?" Inú bàbá mi dùn ju bí mo ṣe rí i láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi. "Ìyẹn náà ni wọ́n ń kà sí nǹkan?"

Láti ìgbà náà ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Mo lè wà ní kíṣìnnì, kí n gbọ́ gbì nínú yàrá rẹ̀. Bí mo bá béèrè, á ní ìwé ló bọ́ sílẹ̀, tàbí àga. Mo rí i pé ìgúnpá rẹ̀ bó, orúnkún rẹ̀ kan wú, ó dúdú. Ìyá ẹlẹ́ja náà rí i nígbà tó gòkè wá bẹ̀ ẹ́ wò. "Madam, your papa dey fall for inside house," ló wí fún mi jẹ́jẹ́ létí, bí ẹni pé èmi ò mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀tá kiri inú ilé ara mi. Mo ká rọ́ọ̀gì inú yàrá rẹ̀, mo gbé e jù sórí àjà. Mo ra sálúbàtà onírọ́bà tuntun fún un. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha sìmẹ́ńtì dídán inú balùwẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹsẹ̀. Mo gbé fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nítorí iná tó ń lọ. Mo nu jígí ojú rẹ̀, mo ní kó máa wọ̀ ọ́ nínú ilé. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, mo sì gba gbogbo ẹni tó ní òbí nílé nímọ̀ràn pé kó ṣe wọ́n. Àmọ́ gbì náà kò dákẹ́.

Ọjọ́ kan, wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ níléèwé. Mo ṣí géètì, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láìkànkùn, mo bá bàbá mi gbalaja lórí ilẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Igbe tí mo ké, ará Abuloma tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ọ, mo sì rò pé àwọn tó wà ní Abuloma gan-an náà gbọ́.

Ó gbé orí sókè. "Ṣé wọn kì í kan ilẹ̀kùn níléèwé yín ni?"

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀," ló ní. "Mo ń dọ̀bálẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀. Ìdánrawò ni ọkùnrin náà ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ti pẹ́ tó ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn, nítorí òun ni àgbà níbi gbogbo tó bá dé ní Port Harcourt. Ó fi hàn mí. Lílọ sílẹ̀ kò ṣòro fún un, ó lọ ọ́ wẹ́rẹ́. Dídìde ló nira. Ó fi ọwọ́ di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin mú, ó fa ara rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọ̀dọ́, òòyì sì mú un. Mo dì í mú kó tó padà sílẹ̀. Èmi tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha sìmẹ́ńtì kiri!

Mo jókòó tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é láàárín wa. Bí ẹni tó ti di àgbà bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jù ú lọ, a kì í wò ó títí. Bó bá ti tẹ̀ díẹ̀, tó na ọwọ́ sí ilẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kí á ti sáré sọ pé, "Ó tó, ó ti tó, Ọlọ́run á dá ọ sí." Ẹni tó kí ti kí, ẹni tí wọ́n kí ti gbà, orúnkún ẹnì kankan kò kan ilẹ̀.

"Bí wọn ò bá ní ó tó ńkọ́?" ni bàbá mi bi mí.

"Wọ́n á sọ ọ́, Bàbá."

"Kí n tẹ̀ kọdọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn gbá, kí n máa retí pé kí wọ́n ṣàánú mi? Ẹ̀yìn wọn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí ìyá wa lọ sóko, àwọn ló ń pọ̀n mí. N óò wá fi ìdúró kí wọn?"

Mo ní ó dáa, kó dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kó dìde bí dókítà ṣe wí: kó kọ́kọ́ jókòó, kó sinmi, kó di àga mú. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bu iyọ̀ sí tíì rẹ̀. "Ta lo rí tó dọ̀bálẹ̀ tó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tó ń ṣeré iyẹ̀pẹ̀?" Ó ń ṣe mí bíi kí n lù ú, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá a mọ́ra.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Arákùnrin ará ìlú wa di apá rẹ̀ kan mú, ìyá ẹlẹ́ja di ìkejì mú, wọ́n mú un gun àtẹ̀gùn. Ó ti kéré sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbé sórí àtẹ̀gùn kan kó tó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀nà tó jìn ló rẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i káàbọ̀, mo fi í jókòó sórí àga tó le, mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó ní, "Àbúrò mi dà?"

Bàbá mi jáde láti yàrá. Láti àárọ̀ ló ti wọ agbádá, ó dé fìlà tó yẹ ẹ́. Ó rìn wá sí àárín pálọ̀ láìfi ọwọ́ kan ògiri. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń gbàdúrà nínú mi, n kò sì mọ ohun tí mo ń tọrọ. Bó bá dìde, á lọ, ilé mi á ṣí. Bí kò bá dìde, àwa méjèèjì wà níbẹ̀ nìyẹn títí Ọlọ́run á fi mú ọ̀kan kúrò.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ló ní, ó sì tẹ̀.

Mo ń retí "ó tó". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi na ọwọ́, ọwọ́ kan ilẹ̀. Orúnkún kan ilẹ̀, àyà kan ilẹ̀, fìlà bọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ ara síwájú lórí àga, ó ń wò ó bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà. Inú bí mi. Mo ní nínú ara mi pé irú àgbà wo nìyí, tó ń wo arúgbó tó ń wólẹ̀ tí kò lè la ẹnu?

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó pe oríkì àbísọ rẹ̀, èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó ki ìdílé wa láti orí dé ìdí, ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọ̀, ojú rẹ̀ kò ní fọ́, yóò fi ọwọ́ pa ewú títí. Ó wá ní, "Dìde."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n nínú agbádá. Orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, àyà tẹ̀ lé e, ó sì padà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n mi," ló ní, ẹnu rẹ̀ wà nílẹ̀. "Àdúrà yẹn dùn mọ́ mi."

Ó tún un ṣe. Èkejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún ní, "Dìde." Bàbá mi tún ti ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì kò jẹ́ kó lọ. Arákùnrin ará ìlú wa gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. Ìyá ẹlẹ́ja tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè pa á mọ́ra. "Ah-ah, Papa! Make person help am now!" Mo dìde láti lọ fà á, ọwọ́ bàbá mi kan sì gbéra nílẹ̀, ó fì í sí mi pé kí n dúró. Mo dúró. N kò tí ì rí ibi tí ó gùn bẹ́ẹ̀ rí láàárín ilẹ̀kùn mi àti àárín pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ̀ kalẹ̀. Ó di apá àga mú, ó rọra yọ́ sílẹ̀ títí ó fi jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àbúrò rẹ̀. Ó gbé fìlà tó bọ́, ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ó tó," ló wí. "Ó ti tó."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Má bínú sí mi. Mo fẹ́ rí bí wàá ṣe dìde ni."

"Ẹ ti rí i báyìí," ni bàbá mi wí.

"Mo ṣubú, àbúrò mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, mo ń kó igi wọlé nígbà tí òjò ṣú. N kò lè dìde. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Yàrá kún ilé wa, kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Àwọn adìyẹ dé, wọ́n gun orí mi, wọ́n ń rìn lórí mi bí ẹni ń rìn lórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni mo wà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ẹlẹ́kọ wá kiri ẹ̀kọ." Ó ń nu fìlà náà nínú ìró rẹ̀. "Nígbà tí mo gbọ́ pé o fẹ́ wálé, mo dúpẹ́. Mo ní bí ẹsẹ̀ ẹ bá ṣì le, ìwọ á máa gbé mi dìde."

Bàbá mi yí ojú sí i lórí ilẹ̀. "Èmi rò pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa gbé mi."

Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ìyá náà, bàbá mi ń gbá ilẹ̀. Arákùnrin ará ìlú wa náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo bá ìyá ẹlẹ́ja gbé bàbá mi dìde, a kọ́kọ́ fi í jókòó, a ní kó sinmi, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí, kò sì jiyàn. A padà gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mama, hold my neck. No fear," ni ìyá ẹlẹ́ja ń wí fún un, ìyá náà sì dì mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni tó gbọ́ ohun tó sọ.

Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀fà mọ́ lẹ́yìn náà. Èmi náà kò béèrè. Mo di aṣọ bàbá mi sínú báàgì rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, torí pé mo ṣì ń rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè pa ọkàn dà, kó ní ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ, ẹ jẹ́ ká lọ máa ṣubú nílé bàbá wa. Mo tilẹ̀ ti ń ro bí ilé á ṣe dákẹ́, àti bí mo ṣe máa padà sínú ẹgbẹ́ akọrin.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ, arákùnrin ará ìlú wa dé, ó fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Àpótí ìyá náà wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí mo gbé e sí lọ́jọ́ tó dé. Òun àti bàbá mi dúró ní bàràńdà, wọ́n di irin mú.

"Máa lọ, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kígbe sísàlẹ̀. "N kò lọ mọ́. Bá mi kí ilé."

"Ta ni kí n bá yín kí, Ìyá?"

Ó ń ronú, mo rí i tó ń ronú, tó ń lọ láti yàrá dé yàrá nínú agbo ilé náà lọ́kàn rẹ̀.

"Kí àwọn adìyẹ," ló ní.

Ọkọ̀ náà ṣí, ó lọ. Mo gbé àpótí kúrò lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé e wọ yàrá bàbá mi, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, mo sì sunkún. Kì í ṣe àwọn nìkan ni mo ń sunkún fún.